Ẹ fẹ́ lọ gba ìsinmi ní erékùṣù Caribbean? Ohun tí ojú àlejò kì í tètè rí rèé

Tí èèyàn bá sọ pé òun ń lọ sí Jàmáíkà tàbí Trinidad fún ìsinmi, ohun tí ará ilé máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣọ́ra fún àwọn olè o!" Ìkìlọ̀ yẹn dáa, àmọ́ kò tó. Omi òkun tó dà bí ẹni pé ó dákẹ́, ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án gangan, igi tó ṣe ìbòòji sétí òkun, àti òfin tí àlejò ò gbọ́ rí, gbogbo wọn ló máa ń kó arìnrìn-àjò sí wàhálà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ náà bá ìrìn-àjò Caribbean mu gan-an. Ọmọ ìlú mọ ibi tí òkun ti ń gbé èèyàn lọ, ó mọ èso tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ó sì mọ ìgbà tí ìjì máa ń jà. Àlejò kò mọ̀ ọ́n, àyàfi tó bá béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá tó wà ní London, Houston tàbí Atlanta, tí wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ wọn lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi iléèwé. Ó kan àwọn tó ń gbéra láti Nàìjíríà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọkọ̀ òfurufú Air Peace gbéra láti Èkó, ó fò tààrà lọ sí Montego Bay ní Jàmáíkà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó di ẹrù.

Òkun: ibi tó dákẹ́ lè jẹ́ ibi tó léwu jù

Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2025, òkun gbé òṣèré Amẹ́ríkà nì, Malcolm-Jamal Warner, ẹni tó ṣe Theo nínú eré The Cosby Show. Ẹni ọdún 54 ni. Ìsinmi ló lọ gbà ní agbègbè Limón ní Costa Rica. Costa Rica kì í ṣe erékùṣù, àmọ́ òkun Caribbean kan náà ló wà létí Limón. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ pé ìṣàn omi tó lágbára ló wọ́ ọ lọ.

Báwo ni ìṣàn omi yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí ìgbì ṣe ń gbé omi wá sí etí òkun, omi náà gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá. Tó bá rí ojú ọ̀nà tóóró kan, gbogbo rẹ̀ á gba ibẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú agbára tó ju ti òmùwẹ̀ lọ. Kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀ omi o. Ńṣe ló máa ń wọ́ ọ lọ sí agbami. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á máa bá omi náà jà láti padà sí ibi tí wọ́n ti wọlé, títí tó fi máa rẹ̀ wọ́n.

Ibi tí àlejò ti ń ṣìnà rèé: ojú ọ̀nà tí omi yìí ń gbà kì í sábà ní ìgbì. Ìgbì á máa fọ́ lápá ọ̀tún, á máa fọ́ lápá òsì, àmọ́ àárín á dákẹ́ rọ́rọ́. Omi ibẹ̀ lè dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ sì lè rí ìfófòó tàbí ẹrẹ̀ tó ń ṣàn lọ sí iwájú òkun. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, "Ibí yìí ló dáa fún àwọn ọmọ." Ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ̀.

Tí omi bá ti gbé yín, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:

• Ẹ má bá a jà. Ẹ dojú sókè, kí ẹ léfòó, kí ẹ lè máa mí.

• Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ padà tààrà sí etí òkun. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn. Ojú ọ̀nà omi náà kì í fẹ̀ púpọ̀. Tí ẹ bá ti kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ lé ìgbì bọ̀ sí ilẹ̀.

• Tí agbára ò bá gbé e, ẹ ṣáà máa léfòó, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ sì pariwo.

Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ má kàn bẹ́ sómi. Ẹni tó fẹ́ gbani là náà lè bá omi lọ. Ẹ ju ohun tó lè léfòó sí ẹni náà, ì báà jẹ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo, bọ́ọ̀lù tàbí kúlà, kí ẹ sì pe àwọn adóòlà ẹ̀mí tó ń ṣọ́ etí òkun.

Ẹ tún mọ̀ pé erékùṣù kan lè ní ojú méjì. Ní Barbados, apá ìwọ̀ oòrùn tó kọjú sí òkun Caribbean, bíi Holetown, omi ibẹ̀ máa ń rọlẹ̀. Àmọ́ ní Bathsheba, lápá ìlà oòrùn, òkun Àtìláńtíìkì ló ń bì lu àpáta. Òkun kan náà tó ń gbé èèyàn lọ létí òkun Èkó nìyẹn. Àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì fẹ́ràn Bathsheba, kì í ṣe ibi tí àlejò ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ìrìn ọkọ̀ láti ibì kan sí èkejì kò sì tó wákàtí kan.

Ẹ wo àsíá tí wọ́n ta sétí òkun. Pupa ni pé omi léwu, ẹ má wọ̀ ọ́. Yẹ́lò ni pé kí ẹ ṣọ́ra gidi. Ibi tí kò bá sí adóòlà ẹ̀mí, tí ẹ kò sì rí ọmọ ìlú kankan nínú omi, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti mutí kò gbọ́dọ̀ wọ òkun. Tí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé jìnnà ju ibi tí ọwọ́ yín lè tó lọ, nínú òkun àti nínú omi ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì.

Ìjì líle: Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀

Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, títí di ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ni àsìkò ìjì tí wọ́n ń pè ní hurricane. Oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ló máa ń le jù. Ìsinmi iléèwé ní Britain àti Amẹ́ríkà bọ́ sí àárín rẹ̀. Owó hòtẹ́ẹ̀lì máa ń wálẹ̀ lásìkò yẹn, ìdí sì nìyí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìjì ńlá yìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwa níbí. Afẹ́fẹ́ àti òjò tó ń gba orí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kọjá máa ń jáde sórí Àtìláńtíìkì nítòsí Cape Verde. Omi òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á wá máa fún un lágbára bó ṣe ń lọ. Tó bá fi máa dé Caribbean, ó ti lè di ohun tó ń ṣí òrùlé.

Ọ̀wọ́ márùn-ún ni wọ́n pín agbára ìjì yìí sí, ìkarùn-ún ló le jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì Irma ba Barbuda jẹ́ débi pé gbogbo olùgbé erékùṣù náà ni wọ́n kó lọ sí Antigua. Láàárín oṣù yẹn kan náà, ìjì Maria kọlu Dominica àti Puerto Rico. Ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2024, ìjì Beryl wó Carriacou ní Grenada palẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ìjì Melissa wọ Jàmáíkà ní ọ̀wọ́ karùn-ún, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 295 láàárín wákàtí kan.

Ìkìlọ̀ méjì ni kí ẹ mọ̀ yàtọ̀ síra. Tí rédíò tàbí tẹlifíṣàn bá sọ pé "hurricane watch", ìjì lè wá láàárín nǹkan bíi wákàtí 48. Ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ wá ọkọ̀ òfurufú padà sílé. Tí wọ́n bá ti sọ pé "hurricane warning", wọ́n retí ìjì náà, àkókò tó kù sì lè má ju wákàtí 36 lọ. Pápákọ̀ òfurufú lè ti pa kí ìjì tó dé rárá. Ẹni tó ń dúró pé "bóyá kò ní le tó bẹ́ẹ̀" lè má rí ọ̀nà jáde mọ́.

Tí ìjì bá ká yín mọ́bẹ̀, ẹ ṣe ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì àti ìjọba bá ní kí ẹ ṣe. Ẹ gba agbára sínú fóònù, ẹ tọ́jú omi mímu, ẹ fi ọ̀rá di pásípọ́ọ̀tù kí omi má bà á jẹ́, kí ẹ sì jìnnà sí fèrèsé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú ìjì tàn yín. Nígbà tí àárín ìjì bá wà lókè orí yín, gbogbo nǹkan á dákẹ́, oòrùn tiẹ̀ lè yọ. Àwọn kan á jáde lọ ya fọ́tò. Ìjì ò tíì lọ o. Ààbọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀, apá kejì ni afẹ́fẹ́ máa gbà wá.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ìsinmi ṣe tẹ́tẹ́ lè lọ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Karùn-ún, tàbí kó lọ sí Aruba, Bonaire tàbí Curaçao. Àwọn wọ̀nyí wà nísàlẹ̀ ọ̀nà tí ìjì sábà máa ń gbà.

Ọ̀nà: ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà

Láti ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972, ni Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní Jàmáíkà, Barbados, Trinidad, Bahamas àti St Lucia, ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń wà. Ní Kúbà, Dominican Republic àti Puerto Rico, ọwọ́ ọ̀tún ni. Àwọn tó wá láti London lè má ní ìṣòro púpọ̀. Ẹni tó wá láti Nàìjíríà tàbí Amẹ́ríkà ló yẹ kó ṣọ́ra, kódà tí kò bá wakọ̀. Tó bá fẹ́ sọdá títì, apá ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ wò.

Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ó sì máa ń ní kọ́nà púpọ̀. Ẹ so bẹ́líìtì mọ́ra kódà nínú takisí. Ẹni tó bá yá alùpùpù kó dé akoto.

Ní ti takisí, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Ní Jàmáíkà, nọ́ńbà takisí tó ní ìwé àṣẹ máa ń pupa. Ti Barbados máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z, ti Trinidad pẹ̀lú H. Ẹ dúnàá-dúrà kí ẹ tó wọlé.

Ẹ̀fọn ọ̀sán, igi olóró àti iṣin

Ẹ̀fọn tí a mọ̀ nílé máa ń jẹni lóru, ìdí nìyẹn tí a fi ń ta nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà dengue ní Caribbean, ojúmọmọ ló ń jẹni, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Nẹ́ẹ̀tì nìkan ò lè gbà yín. Ẹ fi oògùn tó ń lé ẹ̀fọn para, kí ẹ sì wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀. Ní ọdún 2024, iye àwọn tí wọ́n ṣàkọsílẹ̀ pé ó ní dengue ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lápapọ̀, àríwá, gúúsù àti Caribbean, ju mílíọ̀nù 12 lọ.

Tí ibà bá mú yín níbẹ̀, tí ara ń ro yín, tí ẹ̀yìn ojú ń dùn yín, ẹ má ṣe lo aspirin tàbí ibuprofen, nítorí dengue lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Paracetamol ni wọ́n máa ń lò, kí ẹ sì tètè rí dókítà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà náà. Ọ̀pọ̀ erékùṣù ibẹ̀ kò ní ibà malaria mọ́, yàtọ̀ sí Hàítì àti Dominican Republic. Malaria tí ẹ gbé láti ilé lọ lè má wá sọ́kàn dókítà tí kì í sábà rí i.

Igi kan tún wà tí wọ́n ń pè ní manchineel. Etí òkun ló máa ń hù sí. Èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré aláwọ̀ ewé, ó sì ń ta sánsán. Oje rẹ̀ máa ń bó ara bí iná, jíjẹ èso rẹ̀ sì lè la ikú lọ. Kódà ẹni tó sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò, omi tó ń kán sílẹ̀ láti ara ewé lè bó o lára. Níbi púpọ̀, wọ́n máa ń kun ara igi náà lọ́dà pupa. Ẹ fi han àwọn ọmọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó máa ya Yorùbá lẹ́nu ni ackee, tí ará Jàmáíkà ń sè pẹ̀lú ẹja oníyọ̀. Iṣin ni! Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e lọ nígbà òwò ẹrú. Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ nípa iṣin, òun náà ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀: a kì í já a ṣí. Ó gbọ́dọ̀ la ẹnu fúnra rẹ̀. Èyí tí kò tíì là ní májèlé tó ń mú èèyàn bì, tó sì lè pani. Torí náà, ilé oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni kí ẹ ti jẹ ẹ́.

Òfin tó lè sọ ìsinmi di ẹ̀wọ̀n

Ẹ yẹ inú báàgì yín wò dáadáa. Ní Jàmáíkà, Barbados, Trinidad, St Lucia, Grenada àti Antigua, aṣọ alámì sójà lòdì sófin fún ẹni tí kì í ṣe sójà. Fìlà, báàgì àti ṣòkòtò ọmọdé náà wà níbẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé.

Àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ìbọn ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jù. Ní ọdún 2024, wọ́n mú àwọn arìnrìn-àjò Amẹ́ríkà mélòó kan ní Turks and Caicos nítorí ọta ìbọn tí wọ́n bá nínú ẹrù wọn. Òfin ibẹ̀ nígbà náà ní ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ó kéré tán. Ìjọba ṣe àtúnṣe sí i ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kí adájọ́ lè dín in kù, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ṣì ni.

Igbó ńkọ́? Láti ọdún 2015, ẹni tí wọ́n bá bá áúnsì méjì tàbí tó dín sí i lọ́wọ́ rẹ̀ ní Jàmáíkà máa san owó ìtanràn, kò di ọ̀daràn. Ìyẹn ò sọ pé ẹnikẹ́ni lè gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Olè ńkọ́?

Ìwà ọ̀daràn wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ìjọba Trinidad and Tobago kéde ìlú ò fararọ nítorí ìjà àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn. Àmọ́ àwọn àdúgbò kan pàtó ni irú ìjà yìí ti ń wáyé jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ibi tí òun fúnra rẹ̀ kì í lọ lálẹ́. Ẹ má ko góòlù sọ́rùn lọ sí etí òkun, ẹ má gba ọtí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀, ẹ má sì fi ife yín sílẹ̀ kí ẹ tún padà wá mu ún.

Hàítì nìkan ló yàtọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ológun ìgboro ló ń darí ibi tó pọ̀ jù ní olú ìlú rẹ̀, Port-au-Prince. Ibẹ̀ kọ́ ni èèyàn ti ń gba ìsinmi báyìí, ohun yòówù kí ajẹ́ńtì sọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ọ̀rọ̀ ajẹ́ńtì ti dé. Àwọn kan máa ń pariwo pé "kò sí físà". Lóòótọ́, Barbados kì í béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wá ṣe ìbẹ̀wò. Àmọ́ tí ọkọ̀ òfurufú yín bá máa gba London tàbí Amẹ́ríkà kọjá, ẹ̀yin tí ẹ ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà ìrékọjá. Wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ láti Èkó rárá. Ẹ wádìí èyí kí ẹ tó sanwó.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì mú káàdì yẹ́lò yín lọ́wọ́. Jàmáíkà, Barbados, Trinidad àti Bahamas máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá.

Ẹ má fojú kéré ìnṣúránsì. Ilé ìwòsàn àwọn erékùṣù kéékèèké kì í ní gbogbo nǹkan, wọ́n sì lè ní láti fi ọkọ̀ òfurufú gbé aláìsàn lọ sí Miami. Owó ìyẹn lè gba ilé lọ́wọ́ èèyàn. Kúbà tiẹ̀ sọ ọ́ di dandan kí àlejò ní ìnṣúránsì ìlera. Ẹ rà á kí ìjì tó ní orúkọ, torí ìjì tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò ní san owó lórí rẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú fóònù. Ní Jàmáíkà, 119 ni ọlọ́pàá, 110 ni ọkọ̀ aláìsàn àti panápaná. Ní Barbados, 211 ni ọlọ́pàá, 511 ni ọkọ̀ aláìsàn. Ní Trinidad, 999 ni ọlọ́pàá. Ní Dominican Republic, 911 ni. Nàìjíríà ní ọ́fíìsì aṣojú ní Kingston, Port of Spain àti Havana.

Tí ẹ bá ti débẹ̀, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ ìlú: Níbo ni ẹ̀yin fúnra yín ti máa ń lúwẹ̀ẹ́? Níbo ni ẹ kì í lọ? Tí ìjì bá dé, níbo la máa sá sí? Ẹni tó bá rí ìdáhùn mẹ́ta yìí gbà ti ń fi ojú ọmọ ìlú ríran.